Ta Ni Yóò Bá A Jókòó?

Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa ní Òkè-Ògùn, tí gbogbo àgbẹ̀ ń wá ẹni tí yóò bá wọn kọ ebè, Tramadol a máa tà. Alágbàṣe á gbé e mì láàárọ̀ kó tó mú ọkọ́, kí ara má baà ro ó. Ọlọ́kadà tó ń gbérò láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí á lò ó. Ahunṣọ tó ń fi òru mọ́ ọ̀sán ní ìdí òfì, òun náà á lò ó. Mo fẹ́ kí á rántí èyí kí á tó pe ẹnikẹ́ni ní ọmọ ìta. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń wá ìwòsàn lónìí, agbára iṣẹ́ ni wọ́n wá lọ.

Oògùn ìrora gidi ni. Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e sọ́jà ní 1977, àwọn dókítà sì ń kọ ọ́ fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Ìwọ̀n mìlígíráàmù 50 àti 100 ni wọ́n fọwọ́ sí ní Nàìjíríà. 225 ni àwọn ọmọ wa ń rà, wọn kì í sì í lo hóró kan. Tó bá pẹ́, ara ò ní lè ṣe aláìlò ó mọ́.

Àbúrò mi kan tó jẹ́ ahunṣọ ni mo fi ojú ara mi rí nígbà tó ń fi oògùn náà sílẹ̀. Dókítà ti kìlọ̀ fún un pé kó má ṣe já a sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí gìrì lè gbé e. Ó ṣètò bí yóò ṣe máa dín in kù. Síbẹ̀ náà, òru burú. Òógùn bò ó, imú rẹ̀ ń dà, ó ń yán léraléra àmọ́ kò rí oorun sùn, inú rẹ̀ ń ṣí. Egungun ẹsẹ̀ ń ro ó débi pé ó ń fi gìgísẹ̀ gbá ògiri. Ìyá rẹ̀ po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi, ó ń fi ṣíbí bù ú fún un.

"Àjàní, gba eléyìí."

"Ìyá mi, ẹ jẹ́ kí n kú."

"O ò ní kú lójú mi. Yanu."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí ilẹ̀ fi mọ́. Ilé ìwòsàn fún un ní oògùn àti ìmọ̀ràn, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò gbé omi dé ẹnu rẹ̀ ní aago mẹ́ta òru, ilé ni yóò ti wá.

Dókítà Thomas Adéoyè Lambo mọ èyí tipẹ́. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àrò, l'Abẹ́òkúta, ní 1954, inú abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká ló fi àwọn tó ní àrùn ọpọlọ wọ̀ sí, nínú ilé àwọn àgbẹ̀. Ẹbí kan gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá, kó máa dáná fún un, kó máa mú un lọ gba ìtọ́jú, kó sì mú un padà. Gbogbo ayé ló kẹ́kọ̀ọ́ lára rẹ̀. Lambo di igbá-kejì ọ̀gá àgbà àjọ ìlera àgbáyé, WHO, lẹ́yìn náà. Títí dòní, Àrò ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú àwọn tí egbòogi olóró ti mú lẹ́rú.

Ohun tí àwọn kan ń ṣe dípò èyí bà mí nínú jẹ́. Ní oṣù Kọkànlá 2019, ọlọ́pàá tú ènìyàn 259 sílẹ̀ ní Ọ̀jọ́ọ̀, n'Ìbàdàn, ní ibi tí àwọn tó ni ibẹ̀ ní àwọn ti ń tún wọn ṣe. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ àwọn kan. Ẹbí àwọn mìíràn ló fi ọwọ́ ara wọn mú wọn lọ. N kò bú àwọn òbí náà: ọ̀rọ̀ ti sú wọn, wọn ò sì mọ ibòmíràn. Àmọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ò yọ òùngbẹ oògùn kúrò lára. Ọjọ́ tí wọ́n bá tú ẹni náà sílẹ̀ ni yóò wá oògùn lọ.

Ohun kan sì wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ilé mọ̀. Ẹni tó ti fi Tramadol tàbí kodín sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ara rẹ̀ ò gba iye tó ń lò tẹ́lẹ̀ mọ́. Bó bá ṣubú padà, tó gbé iye tó mọ̀ yẹn mì, èémí lè dá lẹ́nu rẹ̀. Ìdí rèé tí mo fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí á má lé e jáde nítorí pé ó tún lò ó. Ẹni tí a lé, inú yàrá tí òun nìkan wà tàbí ilé àkọ́patì ni yóò ti lò ó, kò ní sí ẹni tí yóò mọ̀ pé kò mí dáadáa mọ́. Kó ṣubú sí iwájú wa, kí á lè gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ ló kù. Ọ̀gá àbúrò mi gbà kó máa ṣíwọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Àjàní fúnra rẹ̀ ló ní kí ìyá òun máa gba owó pamọ́, torí owó tuntun lọ́wọ́ a máa pè é lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tà á. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ aṣọ òkè fún ìgbéyàwó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dúró di ìgbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó gbé iṣẹ́ wá. Ìkánjú yín ló ń ti ahunṣọ sínú òru.

Ìwádìí tí UNODC, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, àti àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè yìí gbé jáde ní 2019 sọ pé ènìyàn mílíọ̀nù 4.6 ló ń lo irú oògùn ìrora báyìí lọ́nà àìtọ́ ní Nàìjíríà. Àwọn tó fẹ́ ìtọ́jú sọ pé owó, ìtìjú àti àìsí ibi ìtọ́jú nítòsí ló ń dí àwọn lọ́wọ́. Nọ́ńbà ọ̀fẹ́ tí NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, ṣí ní 2022 wà, 080010203040, tọ̀sán-tòru. Ẹ pè é. Ṣùgbọ́n láti Ṣakí sí Àrò tàbí ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn, ọ̀nà jìn, owó ọkọ̀ sì pọ̀ fún ẹni tí kò tíì lè ṣiṣẹ́. Ẹgbẹ́ ahunṣọ, ẹgbẹ́ ọlọ́kadà àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ ń dáwó fún ẹni tó bá fẹsẹ̀ ṣẹ́. Kí wọ́n fi àìsàn yìí kún un, kó sì jẹ́ owó ọkọ̀ ẹni méjì ni wọn yóò máa dá: ti aláìsàn, àti ti ẹni tí yóò bá a lọ.