Ta Ló Fi Aṣọ Bò Ó?

Ẹni tó bá ń gbé Mowe tàbí Ìbàfò kò lè ní òun kò gbọ́ ẹ̀rí ìdáǹdè rí. Lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn níhìn-ín ni Ibùdó Ìràpadà àwọn Rìdíìmù wà, ibẹ̀ náà ni Prayer City àwọn MFM wà, ká má tíì ka àwọn ìjọ kéékèèké tó wà lójúlé-ojúlé. Mo gbà tọkàntọkàn pé Ọlọ́run ń gbé ẹni tó ṣubú dìde níbẹ̀. Mo mọ ọmọkùnrin kan tó fi igbó àti kolorádò sílẹ̀ lóru àdúrà kan, tí kò sì padà sídìí rẹ̀ mọ́. Àmọ́ òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ló máa ń ká mi lára jù, nígbà tí bọ́ọ̀sì bá ti kó èrò lọ tán. Ẹni tí Olúwa ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀, ilé ta ló ń lọ?

Lúùkù ròyìn ọkùnrin ará Gádárà kan tó ń sùn láàárín ibojì, tí kò wọ aṣọ tipẹ́tipẹ́. Nígbà tí ará ìlú fi máa dé, ó ti jókòó lẹ́sẹ̀ Jésù, orí rẹ̀ ti pé, aṣọ sì ti wà lára rẹ̀. Níbo laṣọ ti wá? Aṣọ kì í hù ní ibojì. Lójú tèmi, ẹnì kan níbẹ̀ ló bọ́ tirẹ̀, ìwé kò sì dárúkọ onítọ̀hún. Oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run ló lé ẹ̀mí àìmọ́ jáde. Oore-ọ̀fẹ́ kan náà ló gba ọwọ́ ẹni yẹn kọjá.

Nílẹ̀ Ẹ̀gbá tiwa yìí la ti rí irú rẹ̀ kedere. Ní 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò, nílé ìwòsàn àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú. Kò tì wọ́n mọ́lé. Ó bẹ àwọn àgbẹ̀ abúlé tó yí Arò ká pé kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé, wọ́n sì ń gba owó yàrá. Ẹbí aláìsàn kan á bá a wá, á máa se oúnjẹ fún un, á máa fọ aṣọ rẹ̀. Aláìsàn á lọ gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn, á sì padà sáàárín àwọn tó ń roko, tó ń ṣeré ayò, tó ń sọmọ lórúkọ. Lambo pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ náà mọ́ra. Nígbà tó di 1961, àwọn dókítà ọpọlọ láti ilẹ̀ òkèèrè wá ṣèpàdé l'Abẹ́òkúta.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé wèrè tó bá ti wọjà kò ṣe é wò mọ́. Àwọn tó gba aláìsàn sílé l'Arò kò tẹ̀ lé ìyẹn. Ó dá mi lójú pé Ọlọ́run wà láàárín wọn, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ kígbe Halelúyà.

Ohun tó ń dùn mí ni pé àwa kan ṣì ń lo ẹ̀wọ̀n. Ní 2019, àjọ Human Rights Watch sọ ohun tí wọ́n rí ní ibi ìtọ́jú 28 ní Nàìjíríà: wọ́n de ènìyàn mọ́lẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìbílẹ̀, ní ilé kéú, àti ní ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú. Ẹ̀wọ̀n ni àwọn ará Gádárà náà fi de ọkùnrin inú ibojì yẹn, ó sì ń já a. Ta ni ẹ̀wọ̀n wò sàn rí? Kí á tó bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ lórí ọmọ ènìyàn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú u sílẹ̀.

Ọmọkùnrin tí mo sọ pé ó fi igbó sílẹ̀ yẹn, onílé kò fẹ́ kí ó padà sínú ọgbà, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń ba àwọn àbúrò rẹ̀. Màmá kan tó ń ta ìrẹsì Ọ̀fàdà ládùúgbò wa ló gbà á. Ó kọ́kọ́ ní kí ó máa nu ewé. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ló gbé àpò owó lé e lọ́rùn. Ó ṣojú mi. Ọwọ́ ọmọ náà ń gbọ̀n bó ṣe ń ka ṣéńjì, ó kà á tán, ó tún un kà, oníbàárà kan bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé. Màmá kò gba owó náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń bu ọbẹ̀ lọ, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n, ẹ fún un láyè, ó ń kà á bọ̀.” Ọmọ náà kà á pé.

Mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀ ìwàásù lórí oore-ọ̀fẹ́, díẹ̀ ló wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀. Láìpẹ́ yìí, màmá náà sọ fún ìjọ wa pé òun lè gba ẹlòmíràn, bí a bá lè máa bá òun dá owó yàrá. Mo ti kọ orúkọ mi sínú ìwé àwọn tó máa dá a. Ààyè ṣì pọ̀ nínú ìwé náà.