Ọkàn Àlejò



Ní oṣù kìíní ọdún 1968, ní Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà, Dókítà Christiaan Barnard gbé ọkàn ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 24 tó ti kú sínú àyà Philip Blaiberg, oníṣègùn eyín kan. Louis Washkansky tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún kò lò ju ọjọ́ 18 lọ kí òtútù àyà tó pa á. Blaiberg lo oṣù 19. Nígbà tó kú tí wọ́n yẹ ọkàn náà wò, inú iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti fún bí ti arúgbó.

Kí ló ṣe é? Àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun ni Allāh fi ṣe ọmọ ogun ara wa. Wọn kò mọ̀ pé ẹ̀bùn ni ọkàn yìí. Àlejò ni wọ́n rí. Oògùn máa ń dẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, àmọ́ wọn kì í jáwọ́ pátápátá. Wọ́n á máa ṣá awọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn náà lọ́gbẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ọgbẹ́ á jinná, ògiri iṣan á nípọn. Òmíràn á tún dé, á tún nípọn sí i. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ á fún láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí oògùn bá sì pọ̀ jù, àìsàn mìíràn á rí àyè wọlé.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni pé iṣẹ́ abẹ náà gé àwọn iṣan tó ń gbé ìrora ọkàn lọ sí ọpọlọ. Ẹ̀jẹ̀ lè má tó ọkàn náà mọ́, kí olówó rẹ̀ má mọ nǹkan kan lára. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi ń yẹ iṣan wọ̀nyẹn wò lóòrèkóòrè, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ le koko.

Níbi ìsọmọlórúkọ kan, mo gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ fún ẹ̀gbọ́n wa tí wọ́n pààrọ̀ ọkàn fún ní Lọ́ńdọ̀nù pé, “Ara yín ti yá, ẹ fi oògùn yìí sílẹ̀, àdúrà ti tó.” Inú bí mi. Èmi náà ń ṣe àdúrà fún wọn, ṣùgbọ́n ta ló sọ pé oògùn kì í ṣe ara oore Allāh? Ẹ̀gbọ́n kàn rẹ́rìn-ín ni. Wákàtí 12 sí wákàtí 12 ni wọ́n ń lò ó. Àwọn dókítà wọn ní kí wọ́n má gbààwẹ̀, nítorí náà wọ́n ń bọ́ tálákà kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan Ramadan, gẹ́gẹ́ bí Sūratul-Baqarah, āyah 184, ṣe gba aláìsàn irú wọn láàyè.