Ṣọ́ọ̀kì Méjì, Alùpùpù Méjì

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó kù kí ó tú ọmọ ìyá méjì ká. Àwa gan-an ni ọmọ ìyá méjèèjì náà. Ẹ̀gbọ́n jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ kan ní Ìsọlọ̀. Àbúrò kò sì ní iṣẹ́ mìíràn ju ọ̀kadà lọ. Alùpùpù kan ṣoṣo ni a ní, Bajaj tí ó ti ilẹ̀ Íńdíà wá. Àbúrò a máa gùn ún láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, ẹ̀gbọ́n a sì gbà á lẹ́yìn tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti parí.

Òfin ìrìnnà ọdún 2012 ti lé ọ̀kadà kúrò ní ojú ọ̀nà 475 ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Nítorí náà, inú àdúgbò ni a ń tọ̀, láti Òṣòdì dé Mafolúkù, àti láti Ìsọlọ̀ dé Òkòtà. Kòtò pọ̀ níbẹ̀, bí òjò bá sì rọ̀, omi a bò wọ́n mọ́lẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í mọ bí wọ́n ti jìn tó. Kò pẹ́ tí ọ́ìlì fi ń jò lára ṣọ́ọ̀kì méjì tí ó bá alùpùpù náà wá. Bí èrò bá jókòó lẹ́yìn, ìdí rẹ̀ a wọlẹ̀, a sì máa gbá táyà. A fi oṣù mẹ́rin tu owó jọ, a sì ra ṣọ́ọ̀kì mìíràn tí ó nípọn tí ó sì le. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀yìn kò ti dùn wá mọ́.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, ìjọba kéde pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án, ọ̀kadà kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ mọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ àti ní mẹ́ta mìíràn. A gbìmọ̀ láti padà sí Ìṣẹ́yìn, ìlú àwọn òbí wa. Ẹ̀gbọ́n ti rí iṣẹ́ olùkọ́ níbẹ̀. Àbúrò yóò máa kó àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ láti oko wá sí ọjà. A fi owó tí a ti ń pamọ́ ra alùpùpù kejì, èyí tí ó tuntun ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀gbọ́n ni yóò gun titun, àbúrò ni yóò gun ògbólógbòó.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní kí a tú ṣọ́ọ̀kì líle wọ̀nyí sí ara titun. Ó ní owó òun ni ó pọ̀ jù nínú wọn, àti pé ohun rere yẹ ohun titun. Àbúrò wí pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ni ẹ ni àṣẹ, ṣùgbọ́n àgbàdo ni èmi yóò máa rù.” Ọ̀rọ̀ le sí i, fún ọjọ́ mẹ́ta a kò jẹun pọ̀. Nígbẹ̀yìn àbúrò ní kí a pín wọn, kí olúkúlùkù mú ọ̀kan, bí ẹni pé Sólómọ́nì ni ó jókòó láti dá ẹjọ́ wa.

A gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá bàbá mẹkáníìkì kan ní Ìsọlọ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ pínpín. Ó ní bí ọ̀kan bá le tí èkejì rọ̀, irin tí ó di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mú yóò máa lọ́, alùpùpù kò sì ní dúró ṣinṣin nígbà tí a bá ń yà. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ tẹ ìdí ògbólógbòó mọ́lẹ̀, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó dìde lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Ó ní, “Ọ́ìlì ṣì wà nínú wọn. Bí ó bá ti tán ni, ìbá máa fò sókè sódò.” Kò dá ẹjọ́ kankan, ó mú sípánà, ó tú wọn, ó sì dè wọ́n mọ́ titun, ó wí fún ẹ̀gbọ́n pé kí ó gùn ún wò.

Ṣọ́ọ̀kì náà gùn ju ti titun lọ díẹ̀. Ìdí alùpùpù ga, nígbà tí a sì gbé e dúró, ó fì sí ẹ̀gbẹ́ bí ọ̀mùtí. Ẹ̀gbọ́n nìkan ni ó gùn ún, pẹ̀lú àpò ìwé àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́yìn. Ní kòtò àkọ́kọ́, táyà ẹ̀yìn fò kúrò nílẹ̀, àpò já bọ́ sínú ẹrọ̀fọ̀. Ó padà wá pẹ̀lú ìwé tí ó tutù lọ́wọ́, kò sì sọ̀rọ̀.

Bàbá wí pé, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹrù ni sípíríǹgì ń bá ṣe. Èyí tí a ṣe fún ẹni mẹ́ta kì í tẹ̀ fún ẹnì kan, bí kò bá sì tẹ̀, ara yín ni yóò gba ìyà kòtò.” Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ni ó ní kí a dá wọn padà sí ara ògbólógbòó. Iye tí olúkúlùkù san ni ó ti ń kà láti ọjọ́ mẹ́ta. Kò tíì bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí olúkúlùkù yóò rù. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, a jẹun nínú àwo kan.

Nígbà ìkórè àgbàdo ọdún 2023, ẹ̀gbọ́n ń bọ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́, ó sì pàdé àbúrò ní ọ̀nà oko pẹ̀lú àpò àgbàdo méjì lẹ́yìn rẹ̀. Alùpùpù ògbólógbòó náà wọ kòtò, ìdí rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, ó dìde lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Àbúrò juwọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n yà sí ẹ̀bá ọ̀nà, ó sì fi ọ̀nà sílẹ̀ fún un.