Nígbà tí Ògiri Bá Lanu

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀. Ọdọọdún ni mo ń fi òwe yìí kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ṣùgbọ́n àìsàn àbúrò mi ni ó kọ́ èmi fúnra mi pé irú ògiri bẹ́ẹ̀ wà nínú ara ènìyàn pẹ̀lú.

Ìgànmú ni a gbé dàgbà, níbi tí a ti ń wo òrùlé National Theatre tí ó rí bí fìlà ológun. Ọdún 1976 ni wọ́n kọ́ ọ parí, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ṣe àjọ̀dún FESTAC ní ọdún 1977. Ní ọdún 2024, ìjọba kéde pé orúkọ Wọlé Ṣóyínká ni ilé náà yóò máa jẹ́. Nígbà tí mo gbọ́, ewì rẹ̀ tí ó pe àkọlé rẹ̀ ní "Abiku" ni ó wá sí mi lọ́kàn, nítorí pé àbíkú ni ìyá àgbà ka àbúrò mi sí. Málọmọ́ ni wọ́n ń pè é. Bí ọyẹ́ bá ti dé, tàbí tí òjò bá pa á, eegun yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo rán an pé kí ó lọ pọn omi, kò dìde. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ olùkọ́ nígbà náà, mo sì fẹ́ràn àṣẹ púpọ̀. Ọ̀lẹ ni mo pè é lójú gbogbo ará ilé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti gbé e dé ilé ìwòsàn, ó ń ké bí ọmọ ọwọ́.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà? Ó pẹ́ kí n tó mọ̀.

Àwọn purotéènì kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tí iye wọn lé ní 30. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Complement ni àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n. Jules Bordet, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ tú àṣírí iṣẹ́ wọn ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1919. Ọdẹ ìlú ni mo fi wọ́n wé. Bí kòkòrò àrùn bá wọlé, ọ̀kan yóò jí èkejì, èkejì yóò jí ẹ̀kẹta. Wọn yóò sàmì sí ọ̀tá náà lára, wọn yóò ké sí àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun, wọn yóò sì dá ihò sí i lára.

Ògiri tí mo ń wí ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó tẹ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ bí ẹní. Ìpele kan ṣoṣo ni wọ́n, wọ́n sì fẹ́lẹ́ púpọ̀. Nítorí pé ojú ọ̀nà àwọn ọdẹ ni wọ́n ń gbé, wọ́n ní àmì lára tí ó ń fi hàn pé onílé ni wọ́n. CD55 àti CD59 wà lára irú àmì bẹ́ẹ̀. Àmì náà ni kì í jẹ́ kí ọdẹ ṣe wọ́n ní ibi.

Nínú ara ẹni tí jẹnotáìpù rẹ̀ jẹ́ SS, sẹ́ẹ̀lì pupa a máa tẹ̀ bí dòjé, a sì máa tètè fọ́. Bí ó bá fọ́, èròjà kan tí ń jẹ́ heme, tí irin wà nínú rẹ̀, yóò dà sínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti rí i nínú àyẹ̀wò wọn pé heme yìí ń jí àwọn ọdẹ sílẹ̀ nígbà tí ọ̀tá kankan kò wọlé, ó sì ń bí ògiri nínú. Ògiri yóò wá yọ P-selectin síta, tí ó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan bí oje igi. Àjákù complement tí ń jẹ́ C3b yóò so mọ́ ọn, sẹ́ẹ̀lì dòjé yóò lẹ̀ mọ́ ọn pẹ̀lú, ọ̀nà yóò sì dí. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé, atẹ́gùn kò lè dé ibẹ̀. Níbẹ̀ ni ìrora ti ń bẹ̀rẹ̀. Ògiri ti lanu nìyẹn.

Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. N kò fi àwọn baba ńlá wa ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n sin ọmọ léraléra, wọn kò ní ẹ̀rọ tí ó lè fi inú ẹ̀jẹ̀ hàn wọ́n, wọ́n sì wá orúkọ fún ìbànújẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ ni orúkọ náà dá lẹ́bi, bí ẹni pé òun ni ó pinnu láti lọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ tí èmi náà sọ ní ọjọ́ Sátidé yẹn ṣe.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, a fojú bù ú pé nǹkan bí ọmọ 150,000 ni ó ń gbé àrùn yìí wá sáyé lọ́dọọdún ní Nàìjíríà. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan wà nínú kíláàsì yín. Ẹ jẹ́ kí ó mu omi nígbà tí ó bá fẹ́, ẹ má ṣe mú un dúró nínú òtútù, ẹ má sì fi agbára mú un sáré. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ mọ jẹnotáìpù yín kí ẹ tó ronú ìgbéyàwó.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àbúrò mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pe ọmọ ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀ mọ́." Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ yẹn kò tún jáde lẹ́nu mi nínú kíláàsì.