ODÒ TÍ A JẸ NÍ GBÈSÈ

Ẹ kà: Gẹnẹsisi 1:20-22, Deuteronomi 22:6-7, Luku 19:8

Àwa mẹ́ta tí a jọ kọ ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ọmọ bàbá kan náà, ọmọ bíbí Ìgbàrà-Òkè. Ọ̀kan nínú wa ń gbé ní Àkúrẹ́, ọ̀kan wà nílé lórí oko tí bàbá wa fi sílẹ̀, àbúrò wa sì wà ní ìlú Aberdeen ní Scotland. Ó ti pẹ́ tí Ẹ̀mí Mímọ́ ti ń rọ̀ wá pé kí a jẹ́ ẹ̀rí yìí, ṣùgbọ́n ojú ń tì wá, nítorí kì í ṣe ẹ̀rí bí a ṣe ríṣẹ́ tàbí bí a ṣe kọ́lé. Ẹ̀rí ẹ̀ṣẹ̀ tí a ṣẹ̀ sí odò kan ni.

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Iléṣà lọ sí Àkúrẹ́ yóò kọjá lórí afárá Ọ̀wẹnà kí ó tó dé Ìgbàrà-Òkè. Odò kéékèèké púpọ̀ ló ń ṣàn wọ inú Ọ̀wẹnà, ọ̀kan nínú wọn sì gba ẹ̀gbẹ́ oko kòkó bàbá wa kọjá. Ibẹ̀ ni Bàbá ti máa ń fi ìwọ̀ pẹja ní ọjọ́ Sátidé. Kì í ṣe pé ó ń tà á. Ọ̀pá ọparun kan, okùn kan, ìwọ̀ kan, àti ekòló nínú agolo, gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó lè jókòó láti òwúrọ̀ títí oòrùn yóò fi kan àtàrí, kí ó mú àrọ̀ méjì àti epìyà mẹ́ta bọ̀. Èyí tí ó bá kéré, á yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀, á dá a padà sínú omi. Àwa ọmọ a máa rẹ́rìn-ín. Lójú tiwa, ìyà ló ń jẹ Bàbá.

OHUN TÍ A ṢE NÍ ỌDÚN 1978

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1978, Ọdún Àjíǹde ń bọ̀, a sì fẹ́ bàtà tuntun. Owó kòkó ti tán lọ́wọ́ Bàbá. Ẹ̀gbọ́n nínú wa jẹ́ ọmọ ọdún 15 nígbà náà, àbíkẹ́yìn sì jẹ́ ọmọ ọdún 9. Agolo Gamalin wà nínú ahéré, oògùn tí àwọn àgbẹ̀ fi ń fín kòkó nítorí kòkòrò tí ń fa omi ara rẹ̀ mu. A ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọkùnrin kan pé bí a bá da díẹ̀ nínú rẹ̀ sómi, ẹja yóò máa léfòó fúnra wọn.

Ní kùtùkùtù ọjọ́ kan tí Bàbá lọ sí ìlú, a ṣe é. Omi ti fà, àwọn ẹja sì ti kó ara wọn jọ sínú ibú. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí yí gbirigbiri bí ẹni tí ó mutí yó, tí wọ́n sì ń kọ ikùn sókè. A kó apẹ̀rẹ̀ méjì kún. A ń yọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí a rí lẹ́yìn náà kò kúrò lójú wa títí di òní. Ọmọ ẹja tí kò tó hóró ìrẹsì bo ojú omi. Akàn rá jáde wá sí etí bèbè, wọ́n kú síbẹ̀. Edé, ọ̀pọ̀lọ́, àní àwọn kòkòrò tí ń sáré lórí omi, gbogbo wọn ló bá a lọ. Epìyà kan wà níbẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ẹyin sì kún inú ẹnu náà. A rò pé ó ń jẹun lọ́wọ́ ni. A kò mọ̀ nígbà náà pé inú ẹnu ni irú epìyà bẹ́ẹ̀ ń kó ẹyin sí títí wọn yóò fi pa.

Bàbá dé ní ọ̀sán. Ó wo apẹ̀rẹ̀, ó wo odò, ó gbé agolo sí imú. Kò lù wá. Ó ní kí a gbẹ́ ilẹ̀ jìn, kí a sin gbogbo ẹja náà, kí ajá má baà hú wọn. Lẹ́yìn náà ó ní kí a tẹ̀ lé òun. Ó ń lọ láti abúlé oko kan dé èkejì ní ìsàlẹ̀ odò, ó ń wí pé, "Ẹ dákun, ẹ má pọn omi yìí, ẹ má sì jẹ ẹja rẹ̀. Ọwọ́ àwọn ọmọ mi ló ṣe é. Ẹ bá mi forí jì wọ́n." Àgbàlagbà tí gbogbo oko ń bọ̀wọ̀ fún ń bẹ àwọn tí ó lè bí lọ́mọ, nítorí bàtà tiwa. Ọlọ́run ló ṣàánú wa tí ẹnikẹ́ni kò fi kú.

Ní Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, Bàbá mú ọ̀pá rẹ̀, ó lọ sí odò. Ọwọ́ òfo ló mú bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní ọdún náà àti ní ọdún kejì. Kò fi ọ̀rọ̀ kan gún wa. Ì bá sàn kí ó lù wá.

ODÒ KÌ Í GBA OWÓ

Ní ọdún 1986, àwa ẹ̀gbọ́n méjèèjì gba Jésù ní ìsọjí kan ní Àkúrẹ́, àbúrò wa sì tẹ̀ lé wa. Láti inú ìtàn Sakeu ni wọ́n ti kọ́ wa pé ẹni tí ó bá ronú pìwà dà yóò ṣe àtúnṣe. A kọ gbogbo gbèsè wa sínú ìwé. A san owó ọkọ̀ tí a jẹ. A dá ìwé tí a jí ní ilé ẹ̀kọ́ padà. A lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá tí a jí adìyẹ rẹ̀. Ohun kan ló kù ní ìsàlẹ̀ ìwé náà: odò.

A lọ bá Bàbá, a dọ̀bálẹ̀, a bi í pé báwo ni a ó ti san án. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, Ọlọ́run ti dárí jì yín, èmi náà sì ti dárí jì yín láti ọjọ́ náà. Ti odò ló kù. Odò kì í gba owó, sùúrù ló ń gbà. Bí òjò bá dé, àrọ̀ á gòkè wá láti Ọ̀wẹnà, wọ́n á wá yé ẹyin sí ibi tí omi ti bo koríko. Ẹ má dẹ ìgèrè sí ẹnu odò lásìkò náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọjá, kí wọ́n bímọ. Ìyẹn ni kí ẹ fi san án."

Láti ìgbà náà ni a ti ń san án. Bàbá sùn nínú Olúwa ní ọdún 1997. Èyí tí ó wà nílé nínú wa ló ń bá àwọn olóko yòókù sọ̀rọ̀ lọ́dọọdún bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan gbà, àwọn kan fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Epìyà ló kọ́kọ́ padà, àrọ̀ sì tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n a kò ní purọ́ fún yín: odò náà kò tíì rí bí ó ti rí nígbà èwe wa.

Ẹ̀RÍ LÁTI ABERDEEN

Ní ọdún 2019, àbúrò wa pè wá lórí fóònù láti Scotland. Ó ní òun rí ohun ìyanu ní odò Dee. Ọkùnrin kan dúró nínú omi tútù tí ó mù ún dé itan, ó ń ju okùn síwájú sẹ́yìn lókè orí rẹ̀. Kò sí ekòló lẹ́nu ìwọ̀ rẹ̀. Ìyẹ́ ẹyẹ àti òwú ni wọ́n fi wé e kí ó lè jọ kòkòrò. Lẹ́yìn bí wákàtí méjì, ẹja sámọ́nì kan tí ó gùn tó apá ènìyàn gbé e. Ọkùnrin náà kò gbé e kúrò nínú omi. Ó yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó di ẹja náà mú pẹ̀lẹ́, ó kọ orí rẹ̀ sí ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀ títí agbára rẹ̀ fi padà, ó sì jẹ́ kí ó lọ.

Àbúrò wa figbe ta pé, "Ọ̀gá, ẹja ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn!" Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì ṣàlàyé.

Inú odò ni wọ́n ti ń bí sámọ́nì, lábẹ́ òkúta wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan ó máa ń lọ sínú òkun, ó lè dé ẹ̀bá Greenland. Nígbà tí ó bá dàgbà tán, ó máa ń padà sí odò tí wọ́n bí i sí gan-an, òórùn omi náà sì wà lára ohun tí ó fi ń mọ ọ̀nà. Láti ìgbà tí ó bá ti wọ odò, kì í jẹun mọ́. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló bá wá: kí ó yé ẹyin. Ẹni tí ó bá pa á lójú ọ̀nà kò pa ẹja kan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin ló pa.

Sámọ́nì inú òkun Àtìláńtíìkì ti dínkù gidigidi, nítorí ìdọ̀tí inú odò, ìdídò tí ó dí ọ̀nà mọ́ wọn, omi tí ń gbóná sí i, àti àpajù. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ẹgbẹ́ IUCN, tí ń ka àwọn ẹ̀dá tí ó fẹ́ run ní ayé, kéde pé iye wọn ti fi 23 dín nínú 100 láàrin ọdún 2006 sí 2020. Láti ọdún 2015 ni òfin Scotland ti kà á léèwọ̀ kí a pa sámọ́nì kan kí oṣù Kẹrin tó bẹ̀rẹ̀. Nínú 100 tí wọ́n ń fi ìwọ̀ mú níbẹ̀ ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, ó ju 90 lọ tí wọ́n ń dá padà sómi láàyè.

Nígbà tí àbúrò wa sọ èyí tán, gbogbo wa dákẹ́ lórí fóònù. Bàbá wa ni a rí nínú omi tútù náà.

KÍ NI ỌLỌ́RUN FẸ́?

Olùkàwé ọ̀wọ́n, ìbùkún àkọ́kọ́ tí a kọ sínú Bíbélì, ṣé ènìyàn ni Ọlọ́run sọ ọ́ fún? Rárá o. Ẹja àti ẹyẹ ni. Ní ọjọ́ karùn-ún ni Ó bùkún wọn pé kí wọ́n bí sí i, kí a tó dá Ádámù (Gẹn. 1:22). Ẹni tí ó da májèlé sódò ń gbógun ti ìbùkún tí ó jáde lẹ́nu Ọlọ́run. Nínú Deuteronomi 22, Olúwa pàṣẹ pé ẹni tí ó bá bá ìyá ẹyẹ lórí ẹyin kò gbọdọ̀ mú ìyá pẹ̀lú ọmọ. Ó gbà wá láyè láti jẹ. Kò gbà wá láyè láti jẹ àjẹrun.

Bí ẹnì kan bá ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ni èyí, kí ó wo Argungu ní Ìpínlẹ̀ Kebbi. Láti ọdún 1934 ni wọ́n ti ń ṣe ọdún ẹja níbẹ̀. Wọn a máa ṣọ́ odò náà kí ẹnikẹ́ni má pẹja nínú rẹ̀ títí ọjọ́ ọdún yóò fi pé, àwọ̀n ọwọ́ àti igbá ni wọ́n sì ń gbé wọ inú omi. A kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ bá wọn ṣe ètùtù. Sùúrù wọn ni a ní kí ẹ wò. Òfin ìjọba wa náà kò sì sùn: òfin ẹja inú odò, nọ́ńbà 108 ti ọdún 1992, ka májèlé àti ohun abúgbàù léèwọ̀ fún ẹja pípa. Lindane, tí í ṣe oró inú Gamalin, wà lára àwọn tí àdéhùn Stockholm fòfin dè ní oko jákèjádò ayé ní ọdún 2009. Síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń da oògùn oko sódò, wọ́n sì ń gbé ẹja náà lọ sọ́jà.

A kò sọ pé kí ẹ máa dá gbogbo ẹja padà. Ẹni tí ń pa sámọ́nì ní Dee kò fi ebi sùn. Ọbẹ̀ ń dúró de ẹja tiwa nílé. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀: ẹ má da májèlé sódò, ẹ má dí ọ̀nà mọ́ ẹja tí ń lọ yé ẹyin, ẹ má sì mú ìyá pẹ̀lú ọmọ. Kí ẹ sì kọ́ àwọn ọmọ yín, nítorí ẹja tútù ni à ń ká, a kì í ká gbígbẹ.

Ní ọjọ́ àwọn ọmọdé, 27 oṣù Karùn-ún ọdún tí ó kọjá, àwa méjì tí a wà nílé mú ọmọ-ọmọ wa kan, ọmọ ọdún 8, lọ sí odò náà pẹ̀lú ọ̀pá ọparun. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú àrọ̀ ńlá kan. Abo ni, ikùn rẹ̀ sì wú fún ẹyin. Ọmọ náà ń fò sókè. Àlejò wà nílé, ata sì ti wà lórí iná. A wo ara wa. A jókòó tì í lórí bèbè, a sì sọ ọ̀rọ̀ ọdún 1978 fún un. A kò sọ ọ́ fún ọmọ kankan rí.

Ó sunkún díẹ̀ nítorí ẹja rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bi wá pé, "Bàbá, ṣé àwọn tí ẹ pa nígbà yẹn ni ẹ ń san?" A ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún bi wá pé, "Ó ku mélòó?"

A kò lè dá a lóhùn. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ba, tí ó tú ẹja náà sílẹ̀ sínú omi. Kòtè ọjà ni a fi se ọbẹ̀ àlejò ní ọjọ́ náà.

Ǹjẹ́ gbèsè kan wà ní ìsàlẹ̀ ìwé tìrẹ tí owó kò lè san? Má ṣe ya ibẹ̀ kúrò. Mú un tọ Olúwa lọ, kí o sì bi Í ní ohun tí o máa fi san án. Kí Olúwa fún wa ní sùúrù láti san án títí dé òpin, kí Ó sì bùkún odò wa àti ilé wa. Ní orúkọ Jésù. Àmín.