Lálúpọn àti Mọ́níyà

Bí ẹ bá dé ẹ̀yìn odi Ìbàdàn, ẹ yà sí Lálúpọn ní Lágelú. Rélùwé láti Èkó wọ Ìbàdàn ní 1901. Láti ibẹ̀ ni a ti la ojú irin gba Lálúpọn lọ sí Òṣogbo, ó sì débẹ̀ ní 1907. Ó mú òwò wá, ó sì mú ẹkún wá: ní oṣù Kẹsán 1957, jàǹbá ọkọ̀ ojú irin pa ènìyàn tí ó lé ní ọgọ́ta ní Lálúpọn.

Ẹ sì dé Mọ́níyà, ní Akínyẹlé, níbi tí a ti ṣí ibùdókọ̀ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 2021 fún ojú irin tuntun láti Èkó. Bí ẹ ti ń yọ̀ sí èyí, ẹ má gbàgbé àwọn tí kò padà délé.