Ibi tí Ìwọ̀n ti Bẹ̀rẹ̀

Bí akọ̀pẹ ti ń fi igbà gun ọ̀pẹ, ara rẹ̀ ń fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pẹ kò ga tó kí ó fura. Okùn kan wà lọ́kàn àwọn onímọ̀ tí yóò ga tó bẹ́ẹ̀. Ní 1895, Konstantin Tsiolkovsky, ará Rọ́ṣíà, ro ilé gogoro tí yóò ti ilẹ̀ kan òfurufú. Ní 1960, Yuri Artsutanov, ará Rọ́ṣíà bákan náà, ní okùn tí a so rọ̀ láti òkè ni yóò sàn jù. Ẹnikẹ́ni kò tí ì ta okùn náà, síbẹ̀ a lè ṣírò bí rọ́bọ́ọ̀tì tí yóò gùn ún yóò ti wúwo tó.

Àárín ayé ni Newton kọ́ wa láti máa wọn ìjìnnà, kì í ṣe orí ilẹ̀. Ibẹ̀ sí ẹsẹ̀ wa tó nǹkan bí 6,378 kìlómítà. Nítorí náà, bí rọ́bọ́ọ̀tì 1,000 kílò bá gun okùn dé 400 kìlómítà, òòfà ilẹ̀ ṣì ń fà á bí ẹrù nǹkan bí 885 kílò. Bí ó bá gun 6,378 kìlómítà, tí ìjìnnà di ìlọ́po méjì, kì í ṣe ìdajì ni yóò kù bí kò ṣe ìdá kan nínú mẹ́rin: 250 kílò. Ní 35,786 kìlómítà, òòfà ṣì ń fà á bí ẹrù nǹkan bí 23 kílò, ṣùgbọ́n yíyí ayé ń tì í síta ní ìwọ̀n kan náà. Níbẹ̀ ni kò ti ní wúwo mọ́.

Ẹni tí ó bá rò pé ẹrù ti tán ní 400 kìlómítà yóò fún un ní ẹ́ńjìnnì tí kò lágbára tó, ẹ̀rọ yóò sì há sójú okùn. Nítorí èyí, kí olùkọ́ tó wo ìdáhùn ọmọ, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bi í pé: níbo ni o ti bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n?